Méjì Lókè, Mẹ́rin Létí Odò

Mauricette Tavernol a máa yọ awò ojú rẹ̀ kó tó kí ènìyàn. Ọwọ́ òsì ló fi ń yọ ọ́, á dì í mú sẹ́yìn bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́ fún ọmọdé, á wá tẹ orí díẹ̀, á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún síwájú, á fi kan ti ẹni tó ń kí. Ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Kì í kánjú. Ní ẹ̀kẹrin á dúró díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́tí bóyá omi ti hó, kó tó fà sẹ́yìn, kó sì dá awò padà sójú.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, níparí ìgbà ooru, lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì, Adelino Quaresma ni ó kí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni Adelino ti ń ṣiṣẹ́ awọ létí odò, títí ilé iṣẹ́ fi kógbá sílé. Etí rẹ̀ ti wúwo báyìí, síbẹ̀ kò sí ìròyìn tí kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí búrẹ́dì àárọ̀ tó tutù.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Adelino wí.

"Ẹyọ kí ni?"

"Má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ ni. Tíṣà ti kà wọ́n síwá, ó ti kà wọ́n sẹ́yìn, ẹyọ ọmọ kan ló kù kí orí pé. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, obìnrin ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá ka orí. Bí orí ò bá pé, kíláàsì lọ nìyẹn. Bí kíláàsì bá lọ, ilé ìwé lọ. Bí ilé ìwé bá sì lọ..."

"Ìkòkò mi lọ."

"Ìkòkò rẹ lọ. Àwa tí à ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀ rẹ láti ojú fèrèsé, a ó padà sí òórùn odò."

"Bí ọmọ kan kí ilẹ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tó mọ́. Agbára rẹ ṣì pé."

"Agbára pé. Ta ni yóò gbà fún mi?"

Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì bú sẹ́rìn-ín nínú ilé. Adelino kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó fi tọ́ka sí orí òkè tó wà lódìkejì odò, níbi tí ilé ìjọsìn ńlá gbé jókòó sórí àwọn òrùlé bí adìyẹ tó sàba.

"Ọmọ náà wà, Mauricette. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọmọ-ọmọ àbúrò rẹ ni."

"Mo ti gbọ́," ni Mauricette wí. Ó ti búrẹ́dì bọ abẹ́ apá, ó sì ń lọ.

Ìlú méjì ni Orvigny, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan ni wọ́n kọ sí ẹnu ibodè. Odò Sarelle ló là á sí méjì. Lókè ni odi àtijọ́ wà, àti ilé ẹjọ́, àti àwọn ilé olókùúta tí fèrèsé wọn ga tí wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n máa ń wo ènìyàn láti òkè imú. Ní ìsàlẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ awọ tẹ̀dó sí, torí omi Sarelle rọ̀, awọ màlúù a sì máa gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni ìsàlẹ̀ fi ń ṣe bàtà, tí òkè fi ń wọ̀ ọ́. Nígbà ogun, àwọn ọmọ ogun tó ń sá lọ fọ́ afárá. Odidi ọdún méjì ni Orvigny fi gbé láìní afárá, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé òkú sọdá lọ sí ibi ìsìnkú. Àwọn àgbà ìsàlẹ̀ sọ pé ọdún méjì náà ni ìlú fi sinmi lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìkíni ni wọ́n fi ń mọ ara wọn yàtọ̀. Lókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjì ni: ọ̀tún, òsì, ó parí. Létí odò, mẹ́rin ni. Àwọn ará òkè ní òórùn awọ ló fà á, pé àwọn baba ńlá àwọn a máa tètè kí, kí wọ́n lè tètè sá. Àwọn ará odò ní irọ́ ni, ahun lásán ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ òótọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tí gbogbo wọn mọ̀ ni pé ẹni tó bá dúró ní méjì létí odò ti bú onílé, ẹni tó bá sì wá ẹ̀kẹta lókè, afẹ́fẹ́ ni yóò kí.

Òkè ni wọ́n ti bí Mauricette. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ ni bàbá rẹ̀; ìyá rẹ̀ ń rán fìlà fún àwọn ìyàwó agbẹjọ́rò. Ọmọ méjì ni wọ́n bí, òun àti Édith, obìnrin méjèèjì, yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan. Nígbà náà ènìyàn kún Orvigny: ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá, àwọn ilé iṣẹ́ awọ ń ké sí ènìyàn láti ibi gbogbo. Àwọn ará Potogí dé, àwọn ará Àlùjíríà dé, wọ́n kó sí àwọn ilé gígùn tó wà lẹ́bàá odò. Adelino wà nínú wọn. Òun ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé kí ahọ́n òun tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ẹ káàárọ̀ níbí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ti mọ mẹ́rin.

Lọ́dún tí Mauricette pé ogún ọdún, ó sọdá afárá lọ síbi ijó ọdún odò, ó sì bá Lucien Tavernol pàdé, ọmọ oníṣẹ́ awọ, tí èékánná rẹ̀ pọ́n bí èèpo igi. Bàbá rẹ̀ ní, "Obìnrin tó bá sọ̀ kalẹ̀ kì í gun òkè mọ́." Ó sọ̀ kalẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ lò nílé ọkọ, méjì ló ń kí gbogbo ènìyàn, tó sì ń fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ nínà. Ìyá ọkọ rẹ̀ dì í létí mú, ó ní, "Ìyàwó, ó ku méjì tèmi. Mú un wá." Látọjọ́ náà kò tún ṣì í mọ́.

Lucien kú kó tó darúgbó. Ilé iṣẹ́ awọ tó kẹ́yìn kú tẹ̀ lé e. Ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ẹbí kan lónìí, ẹbí kan lẹ́yìn ọdún Kérésì, títí tí ìlú fi di ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń fi ọ̀pá rìn. Mauricette kò lọ. Ó ti wọ ilé ìdáná ilé ìwé ìsàlẹ̀ nígbà tí kíláàsì ibẹ̀ jẹ́ mẹ́fà. Ó sè fún mẹ́fà, ó sè fún mẹ́ta, ó ń sè fún ẹyọ kan ṣoṣo báyìí, tí ọmọ ọdún mẹ́ta àti ọmọ ọdún mẹ́wàá ń jókòó nínú rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀wà kéékèèké aláwọ̀ ewé, ọbẹ̀ àlùbọ́sà eléwé, ìrẹsì inú wàrà tí orí rẹ̀ jóná díẹ̀, torí orí jíjóná yẹn ni àwọn ọmọ ń jà sí. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un ló ti ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọ̀. Naïma Belkhodja, tó jẹun nínú ìkòkò yẹn ní kékeré, òun ni tíṣà báyìí.

Ìyá wọn kú lókè. Ọjọ́ ìsìnkú, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, ojú gbogbo òkè wà níbẹ̀. Mauricette gòkè lọ bá Édith. Wọ́n kí ọ̀tún, wọ́n kí òsì. Édith fà sẹ́yìn. Mauricette kò fà sẹ́yìn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń lọ sí ẹ̀kẹta, ó sì wà níbẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ní nínà, pẹ̀lú omijé lójú àti awò ojú lọ́wọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Édith wí, kò sì wí i jẹ́jẹ́ tó, "Níbí, méjì ni." Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló dá ọ̀ràn tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí àwọn méjèèjì bá pàdé lórí afárá, ọ̀kan á máa wo òkè omi, èkejì á máa wo ìsàlẹ̀ omi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, Mauricette wọ bàtà tó le, ó sì mú ọ̀nà òkè pọ̀n. Adelino jókòó sẹ́bàá afárá pẹ̀lú ìwọ̀ ẹja rẹ̀.

"Kí lo gbé dání?" ni ó bi í.

"Kò sí."

"O ò se nǹkan kan? Ìwọ?"

"Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ló ń gbé nǹkan dání. Ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ lọ sọ."

"Mauricette, bẹ̀bẹ̀ díẹ̀. Nítorí ẹja tó wà nínú odò yìí. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa jẹ ìyókù ìrẹsì rẹ."

"Sọ fún ẹja pé kó fọkàn balẹ̀."

Édith wà nínú ọgbà lẹ́yìn ilé bàbá wọn, ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́ lórí itan. Lison, ọmọ-ọmọ rẹ̀, jókòó sílẹ̀ nínú koríko, ó ń to èèpo ẹ̀wà ní ìlà kan tó gùn lọ dé ẹsẹ̀ ògiri. Ọmọ Coralie ni Lison, Coralie sì ni ọmọ Édith. Ó padà wálé lẹ́yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀ túká, ó sì gba yàrá méjì nínú ilé iṣẹ́ awọ àtijọ́ létí odò, torí owó ilé òkè ga ju òkè lọ. Ilé àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà ọwọ́ Édith ni ọmọ máa ń wà lọ́pọ̀ ọjọ́. Coralie ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bi í: ibi tí màmá òun bá mú ọmọ lọ, ibẹ̀ ni.

Édith kò dìde.

"O gun òkè," ni ó wí.

"Mo gùn ún."

"Orúnkún rẹ ńkọ́?"

"Ó wà níbi tí mo fi í sí."

Mauricette jókòó sórí àga kejì láìdúró de ẹni tí yóò ní kó jókòó. Ó bu ẹ̀wà díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Wọ́n bó ẹ̀wà fún ìgbà díẹ̀.

"O wá torí ọmọ," ni Édith wí.

"Mo wá torí ọmọ."

"Mo rò pé wàá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa òjò."

"Òjò ò rọ̀. Mo wá torí ọmọ."

Ètè Édith fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Mo ti bá ọ̀gá ilé ìwé òkè sọ̀rọ̀. Àyè wà níbẹ̀. Ilé ìwé tìrẹ ń kú lọ, Mauricette. Ṣé o fẹ́ kí n fi ọmọ dí ihò ọkọ̀ tó ń rì ni?"

"Ọkọ̀ tí wọ́n bá dí ihò rẹ̀ kì í rì mọ́."

"Torí ìkòkò rẹ ni."

"Torí ìkòkò mi ni. Ṣé kí n purọ́ fún ọ? Mo fẹ́ràn ìkòkò mi. Torí ọmọ náà sì ni. Bí ìyá rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó pè é láti ojú fèrèsé, á gbọ́ ọ nínú kíláàsì. Naïma mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lókè, ọmọ kan láàárín ọ̀pọ̀ ni yóò jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, òun ni kò jẹ́ kí ilé wó. Ta ni kò ní fẹ́ kí ọmọ òun bẹ̀rẹ̀ ayé báyẹn?"

"Ẹnu rẹ ò kú."

"Ẹnu ìyá wa ni."

Édith ju èèpo ẹ̀wà sílẹ̀. Lison dìde wá mú un, ó lọ fi kún ìlà rẹ̀.

"Wọn ó kọ́ Lison ní mẹ́rin," ni Édith wí.

"Wọn ó kọ́ ọ ní mẹ́rin."

"Lọ́jọ́ kan á gun òkè wá, á na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí afẹ́fẹ́ níwájú gbogbo ayé."

"Bí tèmi."

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"O sọ ọ́."

Édith gbé abọ́ kúrò lórí itan. Ó nu ọwọ́, ó tún un nù.

"O rò pé ìwọ nìkan lojú tì lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo ń gbé Màmá wọ omi ìwẹ̀, tí mo ń gbé e jáde, ní gbogbo ọdún tí ìwọ fi ń sè fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọjọ́ tí a sin ín, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, mo ń wo ọ̀nà afárá, mo ní, ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀. O dé. O kí mi bí ará odò. Mo ní, ó ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi ò wá. Obìnrin kan láti ìsàlẹ̀ ló wá kí mi kú ọ̀fọ̀."

Mauricette ti to ọ̀rọ̀ púpọ̀ jọ bó ṣe ń gun òkè: nípa ẹni tó rẹ́rìn-ín láàárín èrò, nípa ohùn Édith tó le. Ó fi gbogbo wọn sílẹ̀.

"Mi ò kà á lọ́jọ́ náà," ni ó wí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló ń lọ fúnra rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí."

Agogo ilé ìjọsìn lù. Ẹyẹ kan fò kúrò lórí ògiri. Mauricette bó ẹ̀wà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó dà á sínú abọ́, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ó wá dìde. Ó yọ awò ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ òsì, ó fi í sẹ́yìn, ó tẹ̀ bá àbúrò rẹ̀ lórí àga. Ọ̀tún. Òsì. Ó dúró níbẹ̀. Ó fà sẹ́yìn ní wẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé yẹn kó tó mọ orúkọ odò.

"Agogo mẹ́jọ ààbọ̀ ni ilé ìwé ń ṣí," ni ó wí.

"Mo mọ ìgbà tí ilé ìwé ń ṣí."

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ. Adelino gbé ojú sókè bó ṣe ń kọjá.

"Ṣé ó gbà?"

"Kò sọ."

"Kí wá ni ìwọ sọ?"

"Méjì."

Adelino wò ó títí tó fi dé òdìkejì afárá, ẹja sì jẹ ìdẹ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iná wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mauricette ti gé àlùbọ́sà eléwé, ó ti fọ ẹ̀wà, ó ti po wàrà sínú ìrẹsì. Kò sè é níwọ̀n. Abọ́ tó tò sórí tábìlì fi ẹyọ kan ju iye ọmọ tó wà lọ, ó sì fi kékeré kan tó ní àwòrán pẹ́pẹ́yẹ síwájú, nítòsí ilẹ̀kùn.

Naïma yọjú láti ọ̀nà kíláàsì.

"Ó ti dé, Màdáàmù Mauricette. Obìnrin ọ́fíìsì. Ó ti jókòó."

"Fún un ní kọfí."

"Ó ní òun ò mu."

"Nígbà náà jẹ́ kó fi ẹnu gbígbẹ ka orí. Na ẹ̀yìn rẹ, ọmọ mi. Ọbẹ̀ yìí kì í ṣe ọbẹ̀ ìdágbére."

Àwọn òbí dúró ní ẹnubodè, wọn kò lọ síbi iṣẹ́. Àwọn tí kò ní ọmọ dúró pẹ̀lú wọn. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ó wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí obìnrin ọ́fíìsì náà, tó wọ aṣọ eérú, tó ń na ìka sí orí kọ̀ọ̀kan. Ó kà á dé òpin. Ó yí padà sí Naïma, ó sì mi orí díẹ̀, bíi dókítà tó fẹ́ sọ ìròyìn burúkú.

Adelino, tí etí rẹ̀ wúwo, òun ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbé ọ̀pá sókè.

"Afárá," ni ó wí.

Édith ń bọ̀ lórí afárá. Kábà tó fi ń lọ ilé ìjọsìn ló wọ̀. Ó di ọwọ́ Lison mú, ọmọ náà sì gbé àpò kan kọ́ ẹ̀yìn tó tóbi ju ẹ̀yìn fúnra rẹ̀ lọ. Wọn kò yára. Édith kò wo òkè omi, kò wo ìsàlẹ̀ omi. Èrò ya sí ọ̀tún àti sí òsì. Naïma ti sáré jáde, ó mú ọmọ lọ́wọ́, ó mú un wọlé. Obìnrin aláṣọ eérú gbé ìka rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó pé," ni ó wí. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé ojú títì. Ẹnì kan ké hèè, ẹnì kan ní kó panu mọ́, ilé ìwé la wà.

Mauricette ti jáde láti ilé ìdáná, ó dúró ní ẹnubodè. Ó nu ọwọ́ lára aṣọ ìdáná rẹ̀. Ó yọ awò ojú. Édith dé iwájú rẹ̀, gbogbo ìsàlẹ̀ sì wà níbẹ̀: àwọn Quaresma, àwọn Belkhodja, àwọn Tavernol tó kù, àti obìnrin oníbúrẹ́dì pẹ̀lú ọwọ́ funfun rẹ̀.

Ọ̀tún. Òsì.

Mauricette fà sẹ́yìn, bó ṣe tọ́ sí ọmọ òkè.

Édith kò fà sẹ́yìn. Ó ti tẹ orí, ó ti na ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún síwájú, ó sì pa ojú dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà wà níbẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ létí odò, níwájú gbogbo ènìyàn. Adelino wú ikọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mauricette padà síwájú. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin, ó sì dúró díẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́tí sí omi.

"Wàrà mi wà lórí iná," ni ó wí.

Ó dá awò padà sójú, ó yí ẹ̀yìn, ó sì gba inú ọgbà ilé ìwé kọjá lọ sí ilé ìdáná, láìyára.